Dídí ihò gbòǹgbò eyín elégbòǹgbò kan: ìbéèrè tó máa ń wáyé jù àti ìdáhùn wọn

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ eyín àti àwọn nọ́ọ̀sì tó ń dúró tì wọ́n ló sábà ń béèrè àwọn nǹkan yìí. Orí eyín elégbòǹgbò kan ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òun la dúró lé. Aláìsàn tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí òun lẹ́nu náà á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní dídí ihò gbòǹgbò?

Nínú gbòǹgbò eyín ni ihò tóóró kan wà, láti inú orí eyín títí dé ṣóńṣó gbòǹgbò. Ẹran rírọ̀, iṣan ìmọ̀lára àti òpó ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí kòkòrò bá ti ba ẹran yìí jẹ́, tàbí tí eyín fara gbá nǹkan tí ẹran náà sì kú, a ó yọ ọ́ kúrò, a ó fi fáìlì, irin tín-ín-rín tó ń há ògiri ihò, fẹ ihò náà, a ó sì fi oògùn fọ̀ ọ́. Dídí ló kẹ́yìn: a ó fi ohun tí kì í jẹrà dí gbogbo gígùn ihò náà pinpin. Bẹ́ẹ̀ ni omi ara kò ní lè gba ìsàlẹ̀ wọlé wá bọ́ kòkòrò tó bá ṣẹ́kù, itọ́ ẹnu náà kò sì ní rí ọ̀nà gba òkè wọlé.

Ẹ fi èyí sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: dídí kọ́ ló ń wo àrùn sàn. Fífẹ̀ àti fífọ̀ ló ń lé kòkòrò jáde, dídí kàn ń ti ilẹ̀kùn ni. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdọ̀tí, inú ilé náà ni ìdọ̀tí ṣì wà.

Àwọn eyín wo ló ní gbòǹgbò kan ṣoṣo?

Eyín iwájú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Eyín ọ̀gàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àti púpọ̀ nínú àwọn eyín kékeré tó tẹ̀ lé ọ̀gàn, pàápàá ti ìsàlẹ̀ àti ìkejì ti òkè. Ìkíní ti òkè sábà máa ń ní gbòǹgbò méjì.

Ní ìpíndọ́gba, eyín iwájú àárín ti òkè gùn tó mìlímítà 23, ọ̀gàn òkè tó 26 tàbí 27, eyín iwájú ìsàlẹ̀ tó 21. Ìfojúbù lásán ni àwọn iye yìí wà fún. Eyín tó wà níwájú yín ni kí ẹ wọ̀n.

Ṣé gbòǹgbò kan túmọ̀ sí ihò kan?

Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lórí eyín iwájú ìsàlẹ̀. Bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn ló ní ihò méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ètè, ọ̀kan lọ́wọ́ ahọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì sábà máa ń pàdé kí wọ́n tó dé ṣóńṣó. Ti ọwọ́ ahọ́n ló máa ń fara pamọ́, torí pé ara eyín yọ síta díẹ̀ lọ́wọ́ ibẹ̀, ó sì bò ó. Ẹ fa ojú ihò tí ẹ lu gùn lọ sọ́dọ̀ ahọ́n, kí ẹ sì fi fáìlì tín-ín-rín tí ẹ ti tẹ̀ lórí wá a kiri kí ẹ tó sọ pé ọ̀kan ni. Eyín kékeré ìkíní ti ìsàlẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

X-ray máa ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ihò bá hàn gbangba láti òkè, tó wá di bàìbàì tàbí tó parẹ́ lójijì láàárín gbòǹgbò, ó ti pín nìyẹn. Ẹ ya òmíràn, kí ẹ sì yí orí ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi digrí 20, kí ihò méjèèjì lè kúrò lẹ́yìn ara wọn.

Ìgbà wo ni ihò tó dí?

Nígbà tí eyín náà kò bá dun aláìsàn mọ́ bí ẹ bá kàn án, tí erìgì kò wú, tí ojú ọyún tó wà lára erìgì ti pa dé, tí ihò kò rùn, tí paper point (bébà tóóró tó ń fa omi mu) tí ẹ tì bọ̀ ọ́ sì jáde ní gbígbẹ. Ohun tí ẹ fi dí òkè eyín fún ìgbà díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà ní pípé pẹ̀lú. Bó bá ti là tàbí tó ti bọ́, itọ́ ti wọ ibẹ̀; ẹ tún un fọ̀, ẹ tún oògùn fi sí i.

Bí ẹran inú eyín bá ṣì wà láàyè nígbà tí ẹ yọ ọ́, ẹ lè dí i lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti kú tí ọyún sì wà, ọ̀pọ̀ wa ló ń fi calcium hydroxide, oògùn tó ń pa kòkòrò, sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tí kò ṣeé ṣe ni kí ẹ dí ihò tí omi ṣì ń sun nínú rẹ̀ nítorí pé aláìsàn ń kánjú.

Kí ló yẹ kó wà lórí àwo?

Rubber dam (rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń ya eyín sọ́tọ̀ kúrò lára itọ́) àti ìdè rẹ̀, fáìlì tí ẹ lò kẹ́yìn nínú ihò náà, kóònù gutta-percha (ohun tóóró tí a ó fi dí ihò) ní ìwọ̀n yẹn àti ìwọ̀n kan lókè, ìwọ̀n kan nísàlẹ̀, kóònù àfikún, finger spreader (irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a ń fi ìka lò láti ti kóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́), plugger (irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ gutta-percha wálẹ̀), sealer (ohun tí a ń pò láti fi dí àlàfo láàárín kóònù àti ògiri ihò) àti gíláàsì tí ẹ ó pò ó lé, paper point, rúlà, ẹ̀mú tó ṣeé tì pa, ohun èlò tó ń gbóná fún gígé, òwú, spírítì, àti ohun tí ẹ ó fi dí òkè. Rubber dam kì í ṣe ohun àṣàyàn. Láìsí i, itọ́ á wọ inú ihò, fáìlì sì lè bọ́ sí aláìsàn lọ́fun.

Kí ni gutta-percha, kí ló dé tí òun ṣì ni a ń lò?

Oje igi ni, láti ara igi Palaquium tó ń hù ní ìhà Málésíà àti Indonéṣíà. Ọdún 1867 ni Bowman, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dí ihò gbòǹgbò. Nínú kóònù tí a ń rà lónìí, bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni oje náà. Zinc oxide ló kó èyí tó pọ̀ jù, ìyókù sì jẹ́ ìda àti ohun tó ń mú un funfun lórí X-ray.

Kò ń bá ara jà, kì í jẹrà, ó ń rọ̀ bí iná bá kàn án, ó sì ṣeé yọ jáde bí iṣẹ́ bá fẹ́ àtúnṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í lẹ̀ mọ́ ara eyín rárá. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dá iṣẹ́ ṣe láìsí sealer.

Kóònù tó ti pẹ́ lórí àtẹ máa ń gbẹ, á sì máa kán. Ẹ tẹ ọ̀kan wò: bó bá dá sí méjì, ẹ sọ páálí náà nù. Ooru ẹ̀rọ tó ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́ máa yọ́ ọ, nítorí náà ẹ rì í sínú sodium hypochlorite (oògùn ìfọ̀ tó ń pa kòkòrò) ìdá 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi omi tí kò ní kòkòrò tàbí spírítì ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí ẹ kò bá ṣàn án, àwọn hóró iyọ̀ tíntìntín á gbẹ mọ́ ọn lára.

Kí ni nọ́ńbà àti àwọ̀ orí kóònù ń sọ?

Nọ́ńbà ń sọ bí ẹnu rẹ̀ ti tóbi tó. 30 jẹ́ mìlímítà 0.30. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ìdá 2, bí ẹ bá ti ń gòkè ní mìlímítà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi mìlímítà 0.02 sanra sí i. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 15: funfun, yẹ́lò fún 20, pupa fún 25, búlúù fún 30, àwọ̀ ewé fún 35, dúdú fún 40, ó sì tún padà sí funfun ní 45.

Bí fáìlì tí ẹ fi fẹ ihò bá jẹ́ ti ìdá 4 tàbí 6, kóònù ìdá 2 á ṣe wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lókè rẹ̀. Ìyẹn kò burú bí ẹ bá fẹ́ kún un pẹ̀lú kóònù àfikún.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tí ó yẹ kí ohun tí a fi dí ihò dé?

Gígùn láti etí eyín dé ibẹ̀ ni a ń pè ní gígùn iṣẹ́. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan kí ó tó dé ṣóńṣó tí X-ray fi hàn, torí pé agbègbè yẹn ni ihò ti ń fún jù. Ẹ kọ́kọ́ fi apex locator, ẹ̀rọ oníná tó ń sọ ibi tí ihò parí sí, wá a, lẹ́yìn náà kí ẹ ya X-ray pẹ̀lú fáìlì nínú ihò. Lára ọ̀pọ̀ gbòǹgbò, ẹ̀gbẹ́ ni ẹnu ihò ti jáde, kì í ṣe ṣóńṣó gan-an, nítorí náà bí àwọn méjèèjì bá yàtọ̀ díẹ̀, apex locator ló sábà ń jàre. Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá kan irin tàbí tí orí eyín kún fún omi, irọ́ ló ń pa.

Ẹ yan ibi tí rọ́bà kékeré tó wà lára fáìlì, tó ń sàmì sí gígùn, á máa kàn lára eyín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀: «mìlímítà 22, etí eyín lọ́wọ́ àárín». Bí etí eyín bá ti là, ẹ há a tẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹ tó wọ̀n. Bí etí náà bá ré lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀n tán, gbogbo iye tó wà lórí ìwé di asán.

Báwo la ṣe ń yan master cone, ìyẹn kóònù àkọ́kọ́ tó máa dé ìsàlẹ̀ ihò?

Bí ẹ bá máa fara balẹ̀ síbì kan, ibí ni. Kóònù tó wọ̀ dáadáa ń mú gbogbo ohun tó kù rọrùn. Èyí tí kò wọ̀, sealer kankan kò lè bò ó láṣìírí.

Ẹ mú kóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti fáìlì ìkẹyìn mu. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú gẹ́lẹ́ ní gígùn iṣẹ́, kí ẹ sì fún un mọ́ra kí àmì ẹ̀mú lè hàn lára rẹ̀. Ihò gbọ́dọ̀ ṣì tutù nígbà tí ẹ ń dán an wò, torí pé inú omi ni a ó ti mọ bó ṣe ń yọ́ wọlé lẹ́yìn tí sealer bá wà níbẹ̀. Ẹ tì í wọlé pẹ̀lẹ́. Nǹkan mẹ́ta lẹ ń wá: kí àmì náà kan ibi tí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, kí kóònù má lè lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àti kí ó dì yín lọ́wọ́ díẹ̀ bí ẹ bá fà á padà.

Dídì yẹn lè tan yín jẹ o. Kóònù lè há lókè, níbi tí ihò ti tẹ̀, kó dì yín lọ́wọ́, nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Nítorí náà ẹ fa kóònù jáde kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ lábẹ́ iná. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣì gún régé, ó dára. Bó bá ká kò, ó ti pàdé ohun tó dí i lọ́nà. Lẹ́yìn náà ẹ ya X-ray pẹ̀lú kóònù nínú ihò. Má-fojú-fo ni X-ray yìí, torí lẹ́yìn tí sealer bá wọlé, àtúnṣe á le.

Kóònù kò dé gígùn iṣẹ́. Kí ló fà á?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹ̀fun ara eyín tí fáìlì há ló ti kì mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ da omi sí i, kí ẹ fi fáìlì kékeré, nọ́ńbà 10 tàbí 15, tú u, kí ẹ tún fọ̀ ọ́. Ìdí kejì ni pé fáìlì ti gbẹ́ àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ ihò, kóònù sì ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ tẹ orí fáìlì kékeré díẹ̀, ẹ fi wá ojú ọ̀nà, kí ẹ sì fá àtẹ̀gùn náà dán.

Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, kóònù fúnra rẹ̀ lè sanra ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀, kódà nínú páálí kan náà. Ẹ dán òmíràn wò kí ẹ tó tún gbé fáìlì.

Kóònù ń kọjá gígùn iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹnu rẹ̀ kéré sí ihò nìyẹn. Ẹ lo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ fi abẹ mímú gé ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá gé mìlímítà kan kúrò lára kóònù 30 ti ìdá 2, ẹnu rẹ̀ ti di 0.32. Orí gíláàsì ni kí ẹ ti gé e ní ìgé kan ṣoṣo. Sáàsì máa ń fún un pẹlẹbẹ.

Bí nọ́ńbà mẹ́ta bá ti ń kọjá lọ láìdúró, fáìlì ti ya ṣóńṣó gbòǹgbò. Ẹ tún gígùn wọ̀n, kí ẹ dín in kù díẹ̀, kí ẹ fi fáìlì tó tóbi jù ṣe ibi ìdúró tuntun fún kóònù. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu paper point ló sábà ń kọ́kọ́ kìlọ̀.

Báwo la ṣe ń fọ ihò kẹ́yìn, tí a sì ń gbẹ ẹ́?

Ẹ fi sodium hypochlorite fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà EDTA ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kó lè ká ìyẹ̀fun tí fáìlì ti lẹ̀ mọ́ ògiri ihò kúrò, kí ẹ wá fi omi iyọ̀ ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kí chlorhexidine, oògùn ìfọ̀ mìíràn, àti hypochlorite pàdé nínú ihò: ohun pípọ́n bíi ìpẹtà á dì síbẹ̀, á pa eyín láwọ̀ dà, á sì dí ojú àwọn ihò wẹ́wẹ́.

Abẹ́rẹ́ ìfọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó dúró ní mìlímítà 2 kí ó tó dé gígùn iṣẹ́, kó má sì há rárá. Ẹ máa gbé e sókè sódò bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Hypochlorite tí a fi agbára tì kọjá ṣóńṣó máa ń fa ìrora gbígbóná lójú ẹsẹ̀ àti ojú wíwú.

Paper point ni a fi ń gbẹ ẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n sí gígùn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ nínú ihò, kí ẹ sì kà á bí ìwé. Bí ẹnu nìkan bá tutù, ìsàlẹ̀ ni omi ti ń wá. Bí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹnu sì gbẹ, ẹ fura sí i pé fáìlì ti lu ògiri gbòǹgbò. Ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò.

Irú sealer wo ni kí n lò, báwo ló sì ti pọ̀ tó?

Zinc oxide àti eugenol ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó rọrùn, kò sì wọ́n. Ti epoxy ń lẹ̀ dáadáa, kì í sì í yára yọ́. Ti calcium silicate nílò ìwọ̀nba ọ̀rinrin kó tó lè dì, nítorí náà ẹ má gbẹ ihò gan-an fún un. Ẹ sá fún èyíkéyìí tó bá ní paraformaldehyde nínú. Ó ń pa ẹran ara, bó bá sì kọjá ṣóńṣó, ó lè ba iṣan jẹ́ títí láé.

Bí ẹ bá ń po èyí tó ní ìyẹ̀fun, ẹ máa fi ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ bá gbé ọ̀bẹ ìpò sókè tí ó máa fà tó bíi mìlímítà 25 kí ó tó já. Bó bá ń kán tótó, ó ṣàn jù. Fífi pa ògiri ihò lára ló yẹ, kì í ṣe dídà kún un: gutta-percha ni kó gba ààyè jù, kí sealer jẹ́ ìpele tín-ín-rín láàárín rẹ̀ àti eyín.

Báwo gan-an ni a ṣe ń dí i nípa títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ẹ dán spreader wò nínú ihò kí sealer tó wọ ibẹ̀. Ó yẹ kó lè dé mìlímítà 1 sí 2 sí gígùn iṣẹ́. Ẹ fi rọ́bà ṣe àmì sí i. Ẹ fi fáìlì tàbí paper point kun ògiri pẹ̀lú sealer, ẹ rọra fi ẹnu master cone kan sealer, kí ẹ sì tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá sáré tì í, sealer ni yóò kọ́kọ́ gba ṣóńṣó jáde.

Ẹ ti spreader wọ ẹ̀gbẹ́ kóònù títí dé àmì, kí ẹ dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Gutta-percha nílò àkókò yẹn kó tó gbà láti dúró síbi tí ẹ tì í sí. Ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ti ń yọ ọ́, kí kóònù àfikún tó bá ìwọ̀n spreader mu sì wọ ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú náà kì í pẹ́ pa dé, nítorí náà kóònù yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀mú kí spreader tó jáde. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí spreader kò fi ní lè wọlé ju mìlímítà 2 sí 3 lọ.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ ya X-ray. Bí àlàfo bá wà tàbí tí ó kúrú, ẹ ṣì lè di ìrù àwọn kóònù mú kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn gígé, kò sí ohun tí ẹ ó dì mú mọ́.

Spreader ń fa kóònù jáde. Kí ni mo ń ṣe láìtọ́?

Bóyá ẹ ń fà á ní tààrà láìyí i. Tàbí sealer tó ti gbẹ wà lára rẹ̀. Ẹ máa fi òwú onípírítì nù ún ní gbogbo ìgbà tó bá jáde. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, master cone kò wọ̀ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni agbára tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ṣe yẹ kó tó?

Agbára ìka ni, kì í ṣe ti apá. Ìdí tí a fi fẹ́ finger spreader ju èyí tó ní mùkù gígùn lọ nìyẹn. Gbòǹgbò eyín iwájú ìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, títẹ̀ tipátipá sì lè là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ kó dún «kẹ́». Nígbà mìíràn kò ní hàn títí oṣù bíi mélòó kan, tí erìgì á máa wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Yíyọ ni eyín bẹ́ẹ̀ sábà ń bọ́ sí.

Ibo ni kí n gé gutta-percha sí, kí eyín má bàa dúdú?

Ẹ fi irin gbígbóná gé e, kí ẹ sì fi plugger tutù tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Fún eyín iwájú, ẹ gé e dé mìlímítà 2 sísàlẹ̀ ibi tí orí eyín ti pàdé gbòǹgbò. Sealer àti gutta-percha tó bá ṣẹ́kù sínú orí eyín ló ń mú un dúdú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ fi òwú onípírítì fọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀, pàápàá ìwo méjèèjì tó wà lókè eyín iwájú àárín, níbi tí ẹran tó ti kú máa ń fara pamọ́ sí.

Ohun tí ẹ fi dí òkè fún ìgbà díẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 4, kí ó tó lè dá itọ́ dúró, ti gidi sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí sealer yín bá ní eugenol, ẹ rí i pé kò ku ẹyọ kan lára ògiri, torí pé kì í jẹ́ kí composite, ohun aláwọ̀ eyín tí a fi ń dí òkè, le dáadáa. Ihò tí a dí dáadáa, tí a wá fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún oṣù mẹ́ta, ti tún di ihò ẹlẹ́gbin.

Ṣé àwọn ọ̀nà tuntun dára ju títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ?

Schilder, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé títẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ooru lọ́dún 1967: irin gbígbóná á yọ́ gutta-percha, plugger á tẹ̀ ẹ́ lọ sí mìlímítà 4 sí 5 ìsàlẹ̀, a ó sì fi èyí tó ti yọ́ kún òkè. Ó ń wọ àwọn kọ̀rọ̀ tí kóònù tútù kò lè dé, ó sì dára fún ihò tí kò rí róbótó. Ewu rẹ̀ ni ooru: bí ara gbòǹgbò bá gbóná ju bó ṣe wà lọ ní digrí 10, egungun tó yí i ká lè fara pa. Ìfọwọ́kàn kúkúrú ni, kì í ṣe dídúró.

Kóònù kan ṣoṣo pẹ̀lú sealer calcium silicate yára, ó sì ń tán ìṣòro ọ̀pọ̀ ihò tó tóóró tó sì rí róbótó. Nínú ihò fífẹ̀ bí ẹyin, sealer ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, a kò sì gba yín nímọ̀ràn rẹ̀. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ títẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń kọ́ ọwọ́ yín láti mọ bí kóònù ṣe ń wọ̀.

Báwo la ṣe ń ka X-ray ìkẹyìn?

Ẹ wo gígùn: kó parí láàárín mìlímítà 0 sí 2 sí ṣóńṣó. Ẹ wo ara: kó funfun bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìlà dúdú má sí láàárín rẹ̀ àti ògiri. Ẹ wo ìrísí: kó máa tóóró díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ohun tí ẹ fi dí i bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbòǹgbò dípò àárín, ihò kejì lè wà tí ẹ kò rí.

Ohun tí mo fi dí i kọjá ṣóńṣó. Kí ni ṣíṣe?

Sealer díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ kì í sábà fa wàhálà. Ara á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kóònù tó yọ síta kì í lọ níbì kankan, ó sì sábà jẹ́ àmì pé ìsàlẹ̀ kò dí pa. Bí sealer kò bá tíì dì, ẹ fà á jáde kí ẹ tún un ṣe. Bó bá ti dì, tí aláìsàn kò sì ní ìrora, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Àfi lórí eyín kékeré ìsàlẹ̀, níbi tí iṣan ètè ti ń jáde láti inú egungun nítòsí ṣóńṣó. Bí ètè aláìsàn bá ṣì kú tipiri lẹ́yìn tí ó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti tán lára rẹ̀, tí X-ray sì fi nǹkan hàn lẹ́bàá iṣan, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ ẹnu lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ ó wò ó títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣóńṣó gbòǹgbò ọmọdé ṣì ṣí gbayawu. Ṣé a lè dí i bẹ́ẹ̀?

Kò sí ibi tí kóònù á dúró lé. MTA (símẹ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún eyín) tàbí irú rẹ̀ ni kí ẹ fi dí ìsàlẹ̀ ní mìlímítà 3 sí 5, kí ẹ fi X-ray wò ó, kí ẹ jẹ́ kó dì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi gutta-percha yíyọ́ dí òkè rẹ̀. Ẹ má fi fáìlì fá ògiri rẹ̀ púpọ̀. Ó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀, fífọ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ náà. MTA aláwọ̀ eérú máa ń pa eyín láwọ̀ dà, ẹ má jẹ́ kó gòkè.

Eyín náà fẹ́ post, ọ̀pá kékeré tí a ń fi sínú gbòǹgbò láti gbé orí eyín dúró. Báwo ni gutta-percha tó máa kù ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Ó kéré tán, mìlímítà 4 sí 5 nísàlẹ̀. Irin gbígbóná ló dára jù fún yíyọ òkè rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí lè fa gbogbo rẹ̀ tu tàbí kó lu ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò. Rubber dam gbọ́dọ̀ wà lórí eyín nígbà yìí náà. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ìyẹn, itọ́ sì máa ń rí ọ̀nà wọ inú ihò tí wọ́n ti ṣe wàhálà lé lórí.

Ṣé ìrora lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí pé iṣẹ́ bàjẹ́?

Kì í ṣe dandan. Kí eyín máa dùn díẹ̀ bí a bá fi jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta wọ́pọ̀. Kí aláìsàn lo oògùn ìrora tó bá ara rẹ̀ mu, kó sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun. Ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ fi dí òkè ga jù; fífá a wálẹ̀ díẹ̀ ló sábà ń tán irú ìrora bẹ́ẹ̀. Bó bá ń le sí i lójoojúmọ́, tí ojú ń wú, tàbí tí ibà dé, kó padà wá láìdúró de ọjọ́ àdéhùn.

Ìgbà wo la lè sọ pé eyín náà ti jiná?

Ẹ ya X-ray lẹ́yìn ọdún kan. Bí òjìji dúdú tó wà ní ṣóńṣó bá ti parẹ́, tí eyín kò dùn, tí erìgì sì mọ́, ó ti jiná. Bó bá ti kéré ṣùgbọ́n tí kò tíì tán, ẹ máa ya á lọ́dọọdún títí di ọdún mẹ́rin. Àlàfo ńlá nínú egungun kì í tètè kún. Èyí tó dúró bó ṣe wà fún ọdún mẹ́rin, tàbí tó tóbi sí i, nílò kí a ṣí ihò náà, kí a yọ gutta-percha rẹ̀, kí a sì wá ohun tí a fojú fò: ihò kejì, ìsàlẹ̀ tí kò dí pa, tàbí òkè tó ń jò.